Ta Ni À Ń Fa Aládùúgbò Wa Lé Lọ́wọ́?

  

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, ọmọ tí mo fẹ́ràn nítorí ìtara rẹ̀, dìde, ó sì dá àbá kan. Ó ní àwọn ènìyàn kò ka ìséde Orò sí mọ́. Ó ní ní alẹ́ ìséde, ọ̀kadà ń kọjá, àwọn mìíràn sì ń gbé fóònù sójú fèrèsé láti ya fídíò ohun tí kò yẹ kí ojú wọn rí. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ya nọ́ńbà WhatsApp kan sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí aládùúgbò rẹ̀ tó rú òfin ìséde, kí ó ya àwòrán onítọ̀hún, kí ó fi orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹgbẹ́ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ ṣọwọ́ sí ààfin àti sí àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ṣùgbọ́n wọn kò pàdé.

Alága ní kí èmi tí mo jẹ́ olóòtú kọ ọ̀rọ̀ lórí àbá náà kí a tó dìbò. Mo ti kọ ọ́. Mo lòdì sí àbá náà, n ó sì sọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí náà kò bu iyì kún mi. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ti ta ọlọ́pàá lólobó nípa aládùúgbò mi. Ọdún 2020 ni, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí tí mo sọ ọ́ fún títí di òní.

Ẹ ó rántí bí nǹkan ṣe rí. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó kó àrùn náà wọ Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, Ààrẹ Muhammadu Buhari bá ará ìlú sọ̀rọ̀ pé kónílé ó gbélé ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì ni òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá pa lónìí ni yóò jẹ lónìí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un láti fi ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sún òfin náà síwájú, wọ́n tún sún un, títí di ọjọ́ 4 oṣù Ẹ̀bìbì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀.

Mushin ni mo ń gbé nígbà náà, nínú ilé alájọgbé kan tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì. A lé ní ọgbọ̀n ènìyàn. Balùwẹ̀ méjì ni a ní, ilé ìdáná kan, ẹ̀rọ omi kan. Ìjọba ní kí a jìnnà síra wa ní ìwọ̀n mítà méjì. Ọ̀nà àárín ilé wa kò tó bẹ́ẹ̀ ní fífẹ̀. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ikọ́ fée sì ti ń bá wọn jà láti ìgbà pípẹ́. Ní òròòru ni mo máa ń jí, tí n ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti gbọ́ bóyá wọ́n ń mí.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá àkọ́kọ́ nínú kónílé-ó-gbélé náà, àwa mẹ́jọ péjọ sínú yàrá mi. Ogún ènìyàn ni ìjọba Èkó fi ṣe gbèdéke àpéjọ, a sì rò pé mẹ́jọ kò lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. A kò tíì ṣe nǹkan débì kan tí ọlọ́pàá fi dé. Wọ́n bọ́ bàtà lé orí ẹní, wọ́n bi wá léèrè pé ta ni a fẹ́ fi ṣe ètùtù, wọ́n gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, wọ́n sì lọ. Ẹnì kan ló pè wọ́n. Kò sí bí mọ́tò ọlọ́pàá ṣe lè rìn wá bá yàrá kejì lápá òsì ní tààrà láìjẹ́ pé ẹnì kan júwe rẹ̀.

Mo dá Ìyá Bọ́lá lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Aránṣọ ni, ó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi gan-an, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ aláṣọ funfun. A kì í jà, ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi ìyẹ̀rosùn tẹ Ifá láàárọ̀, ó máa ń gbé ohùn àdúrà rẹ̀ sókè sí i. Ẹ̀rí mìíràn kò sí lọ́wọ́ mi. Mo sì gbà pé ẹ̀rí náà tó.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 10 oṣù Igbe, Ìyá Bọ́lá àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ṣe àìsùn nínú ọ̀nà àárín ilé. Mo ka orí wọn láti ojú ihò ìlẹ̀kùn. Mo ka mẹ́tàlélógún kí n tó dákẹ́. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pariwo, itọ́ ẹnu wọn ń fò nínú afẹ́fẹ́ tí ìyá mi ń mí sínú. Ìyá mi húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wo ìyá mi, mo wo ìlẹ̀kùn Ìyá Bọ́lá. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín wa. Mo gbé fóònù.

Mo sọ fún ara mi pé nítorí ìyá mi ni. Ó jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ìdajì kejì, ẹ̀san ni. Nígbà tí ọlọ́pàá tó gbé ìpè náà bi mí léèrè pé ta ni mo jẹ́, mo ní aráàlú rere kan tó ń pa òfin mọ́ ni mí.

Wọ́n dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fọ́ àtùpà, wọ́n fi kóńdó lé àwọn obìnrin jáde lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n sì kó ènìyàn mẹ́rin lọ, títí kan Ìyá Bọ́lá fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí nínú àìsùn náà. Oorun ló dìde láti inú rẹ̀, ó fẹ́ lọ tọ̀, ó sì ṣe kòńgẹ́ kóńdó. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú yàrá mi. Apá òsì rẹ̀ kán sí méjì.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ kò ṣí géètì. Wọ́n ní àwọn kò gba ẹnikẹ́ni wọlé nítorí Kòrónà. Èmi tí mo pe ọlọ́pàá, èmi náà ni mo mọ atọ́egungun kan ní Ìdí-Òró, èmi ni mo gbé ọmọ náà sẹ́yìn ọ̀kadà nínú òkùnkùn ìdájí, tí àwa méjèèjì tún ń rú òfin kónílé-ó-gbélé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí wọ́n tú igi kúrò lára apá rẹ̀ tí ó sì lè di abẹ́rẹ́ mú, Ìyá Bọ́lá wá sí yàrá mi, ó kúnlẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó dìde. Ó kọ̀, ó ṣe é tán kó tó dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò mọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí mo pè, ṣùgbọ́n tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Igbe, Àjọ Ajàfẹ́tọ̀ọ́ Ọmọnìyàn ti orílẹ̀-èdè yìí gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú òfin náà. Àwọn ènìyàn mú ẹ̀sùn 105 wá sọ́dọ̀ wọn. Àjọ náà ní ènìyàn 18 ni àwọn agbófinró pa níbi tí wọ́n ti ń fipá mú ará ìlú pa òfin náà mọ́. Iye àwọn tí àrùn náà fúnra rẹ̀ pa ní Nàìjíríà títí di ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe kà á, 12 ni. Ẹ tún un kà. Àwọn tí mo fi aládùúgbò mi lé lọ́wọ́ kí àrùn má bàa pa ìyá mi, wọ́n ti pa ju àrùn náà lọ.

Ibi tí àbá ọmọ wa ti yọ mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Kò bi wá léèrè pé ta ni yóò gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a bá fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́, ọwọ́ wa ti kúrò níbẹ̀. A kò lè sọ fún ọlọ́pàá pé kí wọ́n kìlọ̀ fún un nìkan. A kò lè ní kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ọmọ tó jáde lọ tọ̀. Lótìítọ́, ẹlòmíràn wà tí tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe yẹn kan náà, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá kan ṣe ọjọ́ ìbí fún ọkọ rẹ̀, fídíò rẹ̀ kárí ayé, àwọn ènìyàn pariwo, ọlọ́pàá mú un. Ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ògbà ní kí tọkọtaya náà fi ọjọ́ mẹ́rìnlá sin ìlú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà. Agbẹjọ́rò wọn dúró tì wọ́n, àwọn oníròyìn sì ń wò. Ta ló dúró ti ọmọ aránṣọ ní Mushin?

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà tí n kò lè gbàgbé. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn àìsùn náà tí ìròyìn fi gba Èkó àti Ọ̀tà kan pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní Awáwá àti One Million Boys ń bọ̀ wá jalè láti ojúlé dé ojúlé. Ebi ló ń pa gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe é gbà gbọ́. Ní Agége, ní Ìfakọ̀, ní Ìyánà Ìpájà, àwọn ọkùnrin jáde, wọ́n dáná sun táyà lójú títì, wọ́n mú àdá àti igi dání, wọ́n sì ṣọ́ àdúgbò wọn mọ́jú. Àdúgbò tiwa náà jáde. A lé ní ọgọ́rùn-ún yí iná kan ká, èjìká ń kan èjìká, ìbòmú wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ọmọkùnrin tí apá rẹ̀ kán wà níbẹ̀, tí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú igi. Ìyá Bọ́lá àti àwọn obìnrin gbé tíì gbígbóná wá fún wa. Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe ọlọ́pàá láti fi wá sùn ní òru yẹn. Ìgbà tí ẹ̀rù bà wá ní tòótọ́, a mọ ẹni tí a ó sá tọ̀: ara wa.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ṣeré, pé wọ́n ń tú àṣírí ẹni tó bá fẹ́ kó bá ìlú. Òótọ́ ni. Gbogbo wa ló mọ òwe tó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Mo ti pa òwe yìí fún ẹgbàágbèje ènìyàn láìfetí sí i dáadáa. Òwe náà kò ní kí a sọ nípa rẹ̀. Kò ní kí a lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Sọ fún un ni ó wí: kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wò ó lójú, sọ ọ́. Ará ilé ẹni ni a sì pè é, kòkòrò nìkan ni a pè ní búburú. (Ẹni tó bá fi aládùúgbò rẹ̀ sùn, mo lè jẹ́rìí sí i pé òun gan-an kì í rí oorun sùn.)

Bí a bá sọ fún un tí kò gbọ́, àgbà ilé wà, baálé wà, alága àdúgbò wà, pásítọ̀ tàbí olúwo rẹ̀ wà. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè mú ìtìjú dání, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bá wí mọ ẹni tó ń bá a wí. Ó lè fèsì. Ó tilẹ̀ lè sọ ohun tí a kò mọ̀. Bí mo bá ti kan ilẹ̀kùn ní alẹ́ yẹn, tí mo ní, "Ìyá Bọ́lá, ìyá mi ń húkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé," bóyá ì bá kọ̀. Bóyá ì bá gbà. N kò mọ̀, nítorí n kò kàn án.

Ìséde ńkọ́? Nílẹ̀ Rẹ́mọ tí wọ́n ti bí mi, akéde máa ń káàkiri ṣáájú, ọjà á ti ná, omi á ti kún àmù, wọ́n á ti wá ilé fún àlejò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì jáde, agbo ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi léèrè. Orúkọ tí ará ìlú fún òfin Kòrónà, kónílé-ó-gbélé, gbogbo wa la mọ̀ pé ó jọ ohùn ìséde. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Àwọn àgbà wa náà ti fi ìséde jẹ àwọn ènìyàn níyà tó kọjá ẹ̀ṣẹ̀ wọn, àwọn obìnrin pàápàá. Bí a bá wá gbé kámẹ́rà àti ọlọ́pàá kún un, ṣé iyì ni yóò fi kún Orò?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ nínú ọkàn pé kí n má ṣe jẹ́ kí ìkáàánú pa ọgbọ́n. Ẹni tó mọ̀ pé àrùn wà lára òun tó sì ń pín in kiri ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun nínú ilé wa, orúkọ tí a kì í fẹ́ gbọ́ ni mo sì fẹ́ fi dáhùn: Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà. Ìran Ìjẹ̀ṣà ni, Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1861, ó sì di dókítà ìjọba ní Èkó. Nígbà tí ìgbóná ń pa àwọn ènìyàn, ó fura sí àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná (kí Baba má bínú pé mo pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan). Ó wọ inú ẹgbẹ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ gba òrìṣà, ó kó àṣírí wọn jáde, ó ní wọ́n ń fi èépá ara aláìsàn ran àwọn mìíràn. Lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn fi fòfin de bíbọ Ṣọ̀pọ̀ná ní 1907.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni Sàpárà. Èmi náà ti sọ ọ́ lórí ìjókòó ẹgbẹ́ rí. N kò lè sọ ọ́ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn mọ́. Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn àwòrò ló máa ń kó dúkìá ẹni tí ìgbóná bá pa. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ẹnì kan nínú wọn ń fi èépá pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ogún, àwọn tó mọ̀ nínú awo tí wọ́n sì dákẹ́ ló kọ́kọ́ da òrìṣà náà. Wọn kò bá ará ilé wọn wí, ni ará ìta bá gbọ́. Kí aláìsàn fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ kì í ṣe àṣà wa, kí a sì bá a pa á mọ́ kì í ṣe ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìjọba fi ẹ̀sùn náà ṣe. Sàpárà lè mọ ẹni tó rí. Ìjọba tó gbọ́ ọ kò ya oníwà ibi sọ́tọ̀ kúrò lára arúgbó tó ń fi gúgúrú àti epo tu Baba lójú níwájú ilé rẹ̀. Gbogbo ìsìn náà ni wọ́n gbé tì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé ìgbóná lọ nígbẹ̀yìn, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Fífi òrìṣà sùn kọ́ ló lé e. Òfin tí Ààrẹ lò ní 2020 pàápàá, inú òfin ìyàsọ́tọ̀ aláìsàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1926 ló ti fa agbára yọ. Ọwọ́ kan náà ni. Àwa tí a ti jìyà lábẹ́ rẹ̀, ṣé àwa ni yóò tún máa fa ènìyàn lé e?

Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham sọ fún mi pé tiwọn náà kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi pé ìtanràn ni tiwọn, kì í ṣe kóńdó. Nígbà tí oṣù Igbe 2020 fi parí, nǹkan bí 194,000 ni ìpè tí ọlọ́pàá ibẹ̀ ti gbà nípa àwọn tó ń rú òfin. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, wọ́n ṣòfin pé ènìyàn kò gbọdọ̀ péjọ ju mẹ́fà lọ. Wọ́n bi Priti Patel, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, bóyá yóò fi aládùúgbò rẹ̀ sùn. Ó ní òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba ní òun kò fẹ́ràn àṣà olófòófó, pé kí ènìyàn kọ́kọ́ bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé wá gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé inú ilé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe àpèjẹ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn kò lè sin òkú ìyá wọn bó ṣe yẹ. Ìtanràn 126 ni ọlọ́pàá London kọ fún àwọn tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, òun pàápàá san tirẹ̀ ní 2022. Àbúrò mi bi mí pé nínú 194,000 ìpè yẹn, mélòó ni mo rò pé ó jẹ́ nípa ilé olórí ìjọba? A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn mi. Olófòófó kì í fi ọba sùn. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ni ó ń fi sùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má dìbò fún nọ́ńbà náà. Bí ìséde bá ń rẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí a kéde rẹ̀ dáadáa, ní ìgbà tó yẹ, fún gbogbo ẹlẹ́sìn, kí a sì lọ bá alága àdúgbò kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ẹni tó bá ya fídíò, kí àgbà méjì lọ bá a nílé. Mo ti sọ fún ọmọ tó dá àbá náà pé èmi yóò jẹ́ ọ̀kan nínú àgbà méjì yẹn, òun kí ó jẹ́ ẹnì kẹta, kí ó wá wò bó ṣe ń rí láti wo ènìyàn lójú kí a tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá mi kú ní 2021, kì í ṣe Kòrónà ló pa wọ́n, ọjọ́ ogbó ni. Ìyá Bọ́lá ló dín àkàrà òkú, kò sì gba owó iṣẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó kó lọ sí Ìdímù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, kí n tó fi ọ̀rọ̀ yìí síta, mo lọ bá a níbẹ̀. Mo ka ohun tí mo kọ fún un láti òkè délẹ̀. Ó ń rán ṣòkòtò kan lọ, kò dá ẹ̀rọ náà dúró títí mo fi kà á dé ibi tí mo ti gbé fóònù.

Ó ní, "Bàbá Awo, mo mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀. Ọlọ́pàá tó gba owó bélì lọ́wọ́ wa ló sọ fún mi. Ó ní ẹni tó kọjú sí yàrá mi ni."

Mo bi í pé kí ló wá kúnlẹ̀ fún nígbà náà.

Ó ní, "Ẹni tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ atọ́egungun ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó pe ọlọ́pàá, èmi kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí."

Mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bọ́ bàtà lé ẹní mi: bóyá òun ló pe ọlọ́pàá sí ọ̀sẹ̀ Ifá wa.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà mi kò jìnnà sí tiyín nígbà yẹn, Bàbá Awo. Ẹ kò wá bi mí." Ó fa òwú já, ó ká ṣòkòtò náà, ó sì dìde lọ bu omi wá fún mi.